Ọwọ́ Tó Wà Lórí Agogo Ìsàlẹ̀

Ìgbín mẹ́ta ni bàbá àgbàlagbà kan yọ kúrò lójú irin láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ti gun òpó sígínà dé ìdajì, àfi bí ẹni pé ó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó já a bọ́, ó gbé e sínú koríko. "Máa lọ jẹ ewé rẹ," ó wí. "Iṣẹ́ yìí ti ní ẹni tó ń ṣe é." Ó ki àkísà bọ inú epo, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu irin náà láti ẹnu ihò tí ọkọ̀ ń gbà kọjá títí dé iwájú ilé dígí, nítorí irin tó bá dọ̀tí kì í gbé iná, ọkọ̀ ojú irin tí kò bá sì rí iná gbà kò ní kúrò lójú kan. Orúnkún rẹ̀ ń ké. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun nu ún rí.

Alágogo Òkè ni wọ́n ń pè é. Ọgbà òdòdó ti gbogbo ìlú ni ibẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé wá ṣeré, àwọn tó fẹ́ràn rélùwéè sì ti to irin kékeré sáàárín àwọn òdòdó: afárá tí kò ga ju orúnkún lọ, ilé tí ológbò kò lè nà tàntàn sí, àti àwọn èèyàn tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, tí wọ́n dúró lórí pèpéle tí wọ́n ń retí ọkọ̀. Ibùdókọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé dígí, èkejì wà nísàlẹ̀ létí adágún. Òkítì kan tí igbó òdòdó bò mọ́lẹ̀ ló pín wọn níyà, ẹni tó wà lókè kò lè rí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ahéré onípákó kọ̀ọ̀kan ló wà níbẹ̀, alágogo kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ahéré. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń wá. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, ìfẹ́ tí wọ́n ní sí i ló ń gbé wọn wá.

Agogo ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹni tòkè bá fa wáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, agogo á dún nísàlẹ̀. Bí ẹni ìsàlẹ̀ bá fa tirẹ̀, á dún lókè. Ẹ̀ẹ̀kan ni, "Ṣé o wà níbẹ̀?" Ẹ̀ẹ̀kan náà ni èsì rẹ̀: "Mo wà níbí." Ẹ̀ẹ̀mejì, ọkọ̀ ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ọkọ̀ ti dé. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún, iṣẹ́ parí, ó di Sátidé tó ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nídìí irin gidi nìyẹn, ọdún mẹ́rìndínlógójì sì ni Alágogo Òkè fi ṣe é nídìí irin gidi. Àbúrò rẹ̀ náà ṣe é. Àbúrò rẹ̀ yìí kan náà ni Alágogo Ìsàlẹ̀.

Ọdún kọkànlá rèé tí àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ ìyá méjì tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà ni wọ́n ń wọ ọgbà kan náà lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan ń gba ẹnu ọ̀nà ilé dígí wọlé, ọ̀kan ń gba ti adágún, wọ́n á ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, wọn ò ní fojú kan ara wọn. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ọkọ̀ ń sùn sí, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lu agogo láàárọ̀. Àwọn èèyàn rò pé òfin iṣẹ́ lásán nìyẹn. Ní ti Alágogo Òkè, ìkíni ni. Àbúrò ló ń kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n, ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ọdún mẹ́rin gbáko tí wọ́n ti ń ṣe é nínú ọgbà yìí, ní àárọ̀ Sátidé kọ̀ọ̀kan, agogo á dún lẹ́ẹ̀kan lókè orí rẹ̀, gbọ̀ọ́ọ̀n, òun náà á sì wí lábẹ́ ẹnu pé, "Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi," kó tó fa tirẹ̀ padà.

Ó sì mọ ọwọ́ rẹ̀. Alágogo tó bá mọ iṣẹ́ á mọ ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ. Àbúrò rẹ̀ a máa fa wáyà tagbára-tagbára, á wá jù ú sílẹ̀ jẹ́jẹ́, débi pé agogo á dún tán, á tún gbọ̀n díẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó ń fà á bẹ́ẹ̀ láyé. Nígbà tí ìyàwó Alágogo Òkè wà láyé, òun ló máa ń gbé ìròyìn láti ilé kan lọ sí èkejì, ta ló bímọ, ta ló ń ṣàìsàn. Láti ìgbà tó ti kú, agogo nìkan ló kù.

Ohun tó dá ìjà yìí sílẹ̀, gbogbo ẹbí ló rò pé àwọn mọ̀ ọ́n. Ìyá wọn wà lórí ibùsùn ọsìbítù. Àbúrò wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ibùdó sígínà kan tó jìnnà, alágogo kò sì gbọ́dọ̀ fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ àfi bí ẹni tó máa gbà á bá dé. Aago méjì ọ̀sán ló yẹ kí ẹ̀gbọ́n lọ gbà á, kí òun náà lè wá rí ìyá wọn. Kò lọ. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tán tí ìyá fi kú. Nígbà tí wọ́n sin ín, tí ẹnìkan béèrè pé níbo ni àbúrò wà lọ́jọ́ tí ìyá kú, ẹ̀gbọ́n dáhùn níwájú gbogbo èèyàn pé, "Ká ní ó fẹ́ wá ni, ì bá ti wá." Ẹyin lohùn. Àbúrò gbọ́ ọ. Ó fi ṣọ́bìrì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó yí padà, ó lọ.

Ohun tí ẹbí kò mọ̀ ni ti fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni àbúrò pe ọsìbítù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tó ní, "Àbúrò yín ń béèrè bóyá ẹ ti ń bọ̀." Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà sì ni ẹ̀gbọ́n ní, "Sọ fún un pé mo ti kúrò níbí." Ó jókòó pa síbẹ̀, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Ká ní ó sọ òótọ́, pé òun ò ní lè wá, àbúrò rẹ̀ ì bá ti ní kí àwọn ọ̀gá rán ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n orúkọ àbúrò ni ìyá ń pè. Láti àárọ̀ ló ti ń pè é, kò pe ti ẹni tó jókòó tì í rárá. Owú ni, kí la tún fẹ́ pè é? Ọkùnrin ọlọ́gọ́ta ọdún ń jowú ọmọ ìyá rẹ̀ lójú ikú. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èyí tó ṣu yìí kò gbàgbé o. Kò sí ọjọ́ kan nínú ọdún mọ́kànlá tó lọ tí ọ̀rọ̀ náà kò bá a jí.

Sátidé tó kọjá ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti lu márùn-ún, iṣẹ́ ti parí, ó ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn ahéré nígbà tí agogo tún dún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣé o wà níbẹ̀? Kò sí ọkọ̀ lójú irin, kò sí iṣẹ́ kankan tó lè fa irú agogo bẹ́ẹ̀. Ó dúró gbagidi pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kò fa tirẹ̀ padà. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ló fi rò ó. Àbúrò òun ń wá òun. Ó ti rẹ òun náà. Bí àbúrò bá lè nawọ́ tó bẹ́ẹ̀, kí ni ẹ̀gbọ́n ń dúró dè? Ó pinnu pé tí Sátidé bá dé, òun á rìn yí òkítì yẹn ká, òun á sọ ọ́. Ó tiẹ̀ ti há a sórí bí ọmọ iléèwé: "Àbúrò mi, mo parọ́ fún ọ. Mi ò kúrò níbẹ̀. Dárí jì mí." Kò ní fi "ṣùgbọ́n" kankan kún un. Bó bá gba kí òun dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí òun pọ̀n rí, òun á dọ̀bálẹ̀.

Sátidé náà nìyí. Aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀, agogo dún, gbọ̀ọ́ọ̀n, ó sì gbọ̀n díẹ̀. "Pẹ̀lẹ́ o," ó wí, ó fà á padà.

Ó fẹ́ lọ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n èrò ti dé. Ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ bọ̀. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó, àwọn ìyá wọn ń pariwo pé kí wọ́n má tẹ ilé ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ sí ọrùn, ó ń ṣàlàyé sígínà fún un, kò sí ọ̀kan tó tọ̀nà nínú gbogbo àlàyé rẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, Alágogo Òkè ì bá ti yọjú láti fèrèsé kó tún un ṣe. Lónìí, kò ráyè ẹnìkan. Títí di ọ̀sán ló ń sún un síwájú: ó ní kí èyí kọjá ná, kí èyí náà kọjá. Ìgbà tó rí i pé òun fẹ́ fi ọjọ́ náà ṣòfò ni ó pa iná ọkọ̀, tó fi í sílẹ̀ lójú pèpéle, tó sì jáde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ láìsí ẹni tó gbà á.

"Bàbá, ṣé ọkọ̀ ò ní í lọ mọ́ ni?" obìnrin kan béèrè.

"Ó ń bọ̀," ó wí. Kò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀.

Kò rò pé ọ̀nà náà kúrú tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rin, kò sì ju igba ìṣísẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn ahéré ìsàlẹ̀ ṣí sílẹ̀. Obìnrin kan ló jókòó sínú rẹ̀ tó ń rán bọ́tìnì tíntín mọ́ aṣọ tíntín. Ó mọ̀ ọ́n lójú: Aránṣọ ni, òun ló ń rán aṣọ fún àwọn èèyàn kéékèèké orí pèpéle. Obìnrin náà dìde kíá.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Háà, ṣé mo ti ṣì í lù ni?"

"Ẹni tó ni ibí dà?"

"Èmi ni, sà. Èmi ni Alágogo Ìsàlẹ̀."

"Àbúrò mi ni mò ń béèrè."

Aránṣọ gún abẹ́rẹ́ mọ́ àyà aṣọ rẹ̀, ó wò ó. "Wọn ò sọ fún yín ni? Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti lọ. Ọmọ wọn obìnrin ló wá mú wọn lọ sọ́dọ̀. Etí wọn ti di, Bàbá. Ó ti lé lọ́dún kan tí wọn ò gbọ́ agogo mọ́. Èmi ni mo máa ń jókòó tì wọ́n. Tó bá ti dún, mo máa ń fọwọ́ kàn wọ́n léjìká, wọ́n á sì fà á padà. Ìgbà tí apá náà ò gbé e mọ́, wọ́n ní kí n máa ṣe é lọ."

"Irọ́ ni," Alágogo Òkè wí. "Ọwọ́ rẹ̀ ni mo gbọ́ láàárọ̀ yìí."

Inú obìnrin náà dùn, ó rò pé ó ń yin òun ni. "Àwọn ló kọ́ mi. Wọ́n ní kí n fà á tagbára, kí n jù ú sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe bí wọ́n ṣe fẹ́."

Alágogo Òkè di ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú. "Sátidé tó kọjá ńkọ́? Lẹ́yìn márùn-ún. Ó tún dún lẹ́ẹ̀kan."

Aránṣọ ronú, ó wá rántí, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ìyẹn? Ìgbálẹ̀ ni, sà. Mò ń gbálẹ̀ ni, igi ìgbálẹ̀ há mọ́ wáyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ìgbálẹ̀! Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ó fi bá ìgbálẹ̀ sọ̀rọ̀. Gbogbo "pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi" tó ti ń wí láti oṣù méjì, obìnrin tó ń rán aṣọ ló ń wí i fún. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ahéré náà bí àpò tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Aránṣọ bu omi fún un, kò mu ún.

"Wọn ò sọ̀rọ̀ yín láìdáa o, Bàbá," obìnrin náà wí, àánú rẹ̀ ti ń ṣe é. "Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n kì í jẹ́ kí n gbàgbé. Wọ́n ní, ohun tó bá wù mí ni kí n ṣe, ṣùgbọ́n kí n má ṣe jẹ́ kí ẹni tó wà lókè lu agogo kó máa dúró de èsì. Wọ́n ní kò sí ohun tó burú tó kéèyàn máa pe ẹnìkan, kí wọ́n máa sọ fún un pé ó ti ń bọ̀ lọ́nà, nígbà tó sì jẹ́ pé orí àga ló ṣì wà."

Ó mọ̀. Háà, àbúrò rẹ̀ mọ̀. Orí àga. Bóyá nọ́ọ̀sì ló padà sọ fún un, bóyá ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló ti gbọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti mọ̀, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí. Ó jẹ́ kí gbogbo wọn máa pe òun ní ọmọ burúkú tó fi iṣẹ́ ṣáájú ìyá. Ojú ti Alágogo Òkè débi pé ara rẹ̀ gbóná láti ọrùn dé etí.

"Ṣé nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ?"

Nọ́ńbà wà. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù rẹ̀ níbi tó jókòó sí, àwọn èèyàn ń kọjá lọ létí adágún. Ọmọ náà gbé e, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì yọ̀ tọkàntọkàn. "Bàbá àgbà! Ẹ̀yin nìyí? Ẹ̀yin gan-an? Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Kò sí. Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbí, wọ́n ń jẹun. Ṣùgbọ́n wọn ò lè bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù o, wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́."

"Gbé e sí i létí."

"Bàbá àgbà, wọn ò ní gbọ́."

"Mo ní gbé e sí i létí, ọmọ mi. Jọ̀ọ́."

Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó gbọ́ àwo tí wọ́n sún kúrò. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ mímí. Ọdún mọ́kànlá, mímí àbúrò rẹ̀ nìyẹn, ó ń gba imú kan bíi ti ìgbà tí wọ́n ń sùn lórí ẹní kan náà. Ọ̀rọ̀ tó há sórí fò lọ, ṣùgbọ́n èyí tó kù nínú rẹ̀ ya jáde. Ó sọ ti fóònù ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ó sọ ti orúkọ tí ìyá ń pè. Ó ní ìyá wọn kú tí ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀kùn, àbúrò ló ń wò bóyá ó ń bọ̀, òun sì jókòó síbẹ̀, òun mọ̀, òun kò dìde. Ó sọkún níwájú Aránṣọ, kò bìkítà. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ.

Ohùn àbúrò rẹ̀ bú jáde nínú fóònù, ó lọ sókè bíi ti gbogbo ẹni tí kò gbọ́ ara rẹ̀ mọ́. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan o!"

Ọmọ náà gba fóònù padà. "Mo sọ fún yín, Bàbá àgbà. Kí ni kí n bá yín sọ fún wọn? Tí mo bá pariwo rẹ̀ sí wọn létí ọ̀tún, wọ́n máa ń gbọ́ díẹ̀. Ariwo wa ti mọ́ ọkọ mi àtàwọn ará ilé lára, ẹ má da ara yín láàmú."

Ó la ẹnu. Ó rí i bí yóò ṣe rí: ọmọ tó ti ń pè é ní Bàbá àgbà láti ìgbà tó ti ń rákò, tó máa dìde dúró nílé ọkọ rẹ̀, tó máa figbe ta pé, "Wọ́n ní àwọn parọ́ fún yín!" Àna á gbọ́. Aládùúgbò á gbọ́. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ á gbọ́, kò sì ní fi ohùn tó fi yọ̀ mọ́ ọn yẹn yọ̀ mọ́ ọn mọ́ láé. Èyí tó rọrùn láti wí fún etí tó di, kò ṣeé gbé lé ọmọ yìí lẹ́nu.

"Sọ fún un pé mo kí i," ó wí.

"Ẹ̀GBỌ́N YÍN NI! WỌ́N NÍ ÀWỌN KÍ YÍN!"

Lókè, lẹ́yìn òkítì, àwọn ọmọdé ń béèrè ọkọ̀. Àbúrò rẹ̀ tún sọ̀rọ̀, ní tirẹ̀ ó rò pé òun rọra sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó dún ketekete.

"Béèrè lọ́wọ́ wọn, ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Bàbá àgbà, wọ́n ní ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

Aránṣọ ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́. Alágogo Òkè di fóònù náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ọmọ náà ní sùúrù, ó dúró dè é. Àbúrò rẹ̀ náà dúró, ẹ̀gbọ́n ń gbọ́ mímí rẹ̀ lọ́nà jíjìn.

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ," ó wí.

Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe pariwo ìyẹn náà, ó sì gbọ́ bí wọ́n ṣe fa àwo padà síwájú àbúrò rẹ̀ kó lè máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Ó wá yé e pé òun kò ní sọ ọ́ mọ́ láéláé, àti pé kì í ṣe etí tó di ló dí òun lọ́wọ́ rárá.